Ṣé kí n pe ibà mọ́ra nítorí ìntáfíù?

Òǹkàwé kan láti Àgége ló kọ̀wé sí mi pé: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣirò owó ní iléeṣẹ́ kan ní Ìkẹjà. Iléeṣẹ́ mìíràn ti pè mí fún ìntáfíù ní Victoria Island ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀gá mi kì í fẹ́ fún èèyàn láyè rárá. Tí o bá ní o fẹ́ lọ síbì kan, á ní ṣé ilé ń jó ni. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní kí n kàn pè láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ibà dá mi dùbúlẹ̀, pé òun mọ nọ́ọ̀sì kan tó máa ń fúnni ní excuse duty, ìwé pé ara èèyàn ò yá, ní 3,000 náírà. Ìyá mi gbọ́, wọ́n yarí, wọ́n ní àwọn ò bí ọmọ tí yóò fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lé mi bí wọ́n bá mọ̀. Ẹ̀rù tún ń bà mí pé bí mi ò bá lọ, irú àǹfààní yìí lè má yọjú mọ́. Ṣé ó lòdì sófin ni? Kí ni kí n ṣe, mà?”

Àbúrò mi, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé ìbéèrè kan lo bi mí. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé mẹ́ta ni, o kàn lọ́ wọn mọ́ra wọn ni. Ọ̀kan jẹ́ ti òfin: ṣé wọ́n lè lé ọ? Èkejì jẹ́ ti ìyá rẹ, èmi kò sì fojú kékeré wò ó. Ẹ̀kẹta ni èyí tí o kò kọ sílẹ̀ rárá: o ti gbà lọ́kàn rẹ pé ọ̀nà kan ṣoṣo tí òṣìṣẹ́ fi lè kúrò ní ọ́fíìsì fún ọjọ́ kan ni kí ara rẹ̀ má yá. Níbẹ̀ yẹn gan-an ni okùn ọ̀rọ̀ yìí ti ta kókó, ibẹ̀ ni màá sì pẹ́ sí jù.

Kí n tó dáhùn, jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Èmi ni mò ń gba ìwé àìsàn lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi náà ni mò ń jókòó ní òdìkejì tábìlì nígbà tí wọ́n bá wá fún ìntáfíù. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ipò yẹn, èmi náà ti pe ibà mọ́ra rí. Ọdún 1998 ni. GSM kò tíì dé Nàìjíríà. Ẹni tó bá ní fóònù NITEL nílé, gbajúmọ̀ ni. Mo kọ ìwé pélébé kan, mo fi rán aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ nítòsí ọ́fíìsì wa ní Àpápá, pé ibà ò jẹ́ kí n lè dìde. Mo múra, mo gba Marina lọ fún ìntáfíù. Ohun tí mi ò rò ni pé àwọn ará ọ́fíìsì fẹ́ràn mi. Bí wọ́n ṣe ṣíwọ́ iṣẹ́ nírọ̀lẹ́, àwọn mẹ́ta wọkọ̀ wá sí Sùúrùlérè pẹ̀lú ọsàn, búrẹ́dì àti agolo Bournvita kan, wọ́n wá kí aláìsàn. Ìyá ọkọ mi ló ṣílẹ̀kùn, mi ò sì tíì sọ nǹkan kan fún wọn. Àwọn àlejò ní, “Ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o, Màmá.” Màmá ní, “Aláìsàn wo? Ìyàwó mi? Ó ti wọ kóòtù jáde láti àárọ̀, ó ní òun ń lọ sí Marina.” Wọ́n gbé ọsàn náà kalẹ̀, wọ́n kí Màmá pé ó dàárọ̀, wọ́n lọ. Orí tábìlì ni mo bá a nígbà tí mo dé.

Wọn ò lé mi. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ bá mi sọ ọ́, ìyẹn ló sì burú jù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lóyún, ibà gidi wá mú mi, ojú mi pọ́n, ẹsẹ̀ mi ò ràn mí mọ́. Mo lọ sọ fún ọ̀gá mi. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ṣé ibà Marina náà ni?” Iṣẹ́ tí mo torí ẹ̀ lọ yẹn, mi ò rí i gbà.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní bá ìyá rẹ jiyàn. Bóyá ẹnu lè pe àìsàn wá tàbí kò lè pè é, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé láàárín àwa Yorùbá, àìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnì kan. Ní kété tí o bá ti ní ara rẹ ò yá, o ti fún gbogbo ayé láyè láti máa béèrè rẹ. Wọ́n á pè ọ́ láago mọ́kànlá, nígbà tí o bá wà níwájú àwọn tó ń bi ọ́ ní ìbéèrè. Wọ́n á kọ àdúrà sínú WhatsApp ọ́fíìsì, o sì gbọ́dọ̀ dáhùn pé àmín. Bí o kò bá gbé e, ẹnì kan á rántí pé òun ní nọ́ńbà ìyá rẹ. Irọ́ tí ìwọ nìkan dá sílẹ̀ á wá di èyí tí ìyá rẹ gbọ́dọ̀ bá ọ gbé, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀. Èmi rò pé ìyá rẹ ti rí ìyẹn nínú ọ̀rọ̀ náà kí ìwọ tó rí i.

Ẹ jẹ́ ká wá tú kókó náà. Lákọ̀ọ́kọ́, wíwá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ìdàlẹ̀. Mo rí i nínú lẹ́tà rẹ pé o ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń yan àlè. Kò sí òfin Nàìjíríà tó ní kí òṣìṣẹ́ má lọ fún ìntáfíù níbòmíràn. Iléeṣẹ́ rẹ náà ń gba èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ níbòmíràn. Ọ̀nà tí wọ́n fi gba ìwọ náà lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ohun tí o fẹ́ lọ ṣe kò ní àbàwọ́n kankan. Ohun tó lè ba nǹkan jẹ́ ni ìtàn tí o bá fi bò ó.

Ìkejì ni excuse duty oní 3,000 náírà yẹn. Ọ̀rẹ́ rẹ rò pé ìwé náà ló máa dáàbò bò ọ́. Tèmi ni pé òun gan-an ló lè pa ọ́ lára. Labour Act, ìyẹn òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, sọ nínú abala 16 pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn ráńpẹ́ bá mú lẹ́tọ̀ọ́ sí owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ tí kò ju 12 lọ nínú ọdún kan, bí dókítà tó forúkọ sílẹ̀ bá jẹ́rìí sí àìsàn náà. Dókítà ni òfin wí. Nọ́ọ̀sì tó fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀ kò tíì fún ọ ní ohun tí òfin ń béèrè, bí ó bá sì jẹ́ òǹtẹ̀ dókítà ló gbé lù ú láìjẹ́ pé dókítà rí ọ, ayédèrú ìwé ni, ọ̀ràn tí ọlọ́pàá lè dá sí. Ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà pẹ̀lú. Gbogbo ìyẹn nítorí 3,000 náírà.

Má sì rò pé HR ò lè mọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, ìwé àìsàn máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Iléeṣẹ́ tó bá ń sanwó HMO, ìyẹn ètò ìbánigbófò ìlera, máa ń fẹ́ kí ìwé náà wá láti ilé ìwòsàn tó wà nínú HMO wọn, ìpè kan péré sì ti tó láti mọ̀ bóyá èèyàn débẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan, ọmọ dáadáa ni, iṣẹ́ rẹ̀ ò ní àléébù. Ó mú ìwé wá pé táífọ́ọ̀dù ṣe òun, kí òun sinmi ọjọ́ mẹ́ta. Dókítà tí orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìwé náà ti fi ilé ìwòsàn yẹn sílẹ̀ láti bí oṣù méjì sẹ́yìn. Àwa ò tilẹ̀ fura sí i. Wọ́n kàn ń yẹ ìwé gbogbo èèyàn wò lọ́sẹ̀ náà ni. Nígbà tí a pè é, ó sọ òótọ́ pé ìntáfíù lòun lọ. Ọ̀gá àgbà ní, “Ti ìntáfíù yẹn ò dùn mí. Ìwé yìí ńkọ́?” Ìwé ló lé e. Ká ní ó jókòó sílé ọjọ́ kan láìmú ìwé kankan wá ni, bóyá kúẹ́rì kan, ìwé tó ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀, ni ì bá gbà, tàbí ká gé owó ọjọ́ kan kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

Nípa bóyá wọ́n lè lé ọ, mi ò kì í ṣe agbẹjọ́rò o, ohun tí mo bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ ni mò ń sọ. Àwọn èèyàn máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Ọ̀kan ni kí iléeṣẹ́ ní àwọn ò nílò rẹ mọ́, kí wọ́n fún ọ ní àkókò ìkìlọ̀ tàbí owó rẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún méjì ṣùgbọ́n tí kò tíì pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì ni Labour Act fún un, àfi bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ bá fún un ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni lílé dànù nítorí ìwà àìtọ́: kò sí ìkìlọ̀, kò sí owó ìkìlọ̀, ẹ̀sùn náà á sì wà nínú fáìlì rẹ. Ìntáfíù kò lè fa èkejì yìí. Ayédèrú ìwé lè fà á wẹ́rẹ́. Kí o tún mọ̀ pé Labour Act yìí, àwọn tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ àti àwọn akọ̀wé ló dìídì dáàbò bò. Ó yọ àwọn tó wà nípò alákòóso àti àwọn amọṣẹ́dunjú sílẹ̀. Bí iṣẹ́ ìṣirò owó tìrẹ bá ti kọjá ti akọ̀wé, ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìlànà òṣìṣẹ́ tí wọ́n fún ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni òfin rẹ. Mo mọ̀ pé o ò kà á. Kò sẹ́ni tó ń kà á. Lọ wá a jáde lónìí.

Inú ìwé yẹn lo ti máa bá ohun tí mo fẹ́ fà ọ́ sí. Ó ṣeé ṣe kí o ní líìfù nílẹ̀. Abala 18 nínú Labour Act ní ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù 12 láìdáwọ́dúró lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń fúnni ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn sì ní ọjọ́ bíi mélòó kan tí wọ́n ń pè ní casual leave lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ líìfù àti ọjọ́ àìsàn rèé: ọjọ́ àìsàn ń béèrè ẹ̀rí, ọjọ́ líìfù kò béèrè ìdí. Tìrẹ ni. O ti fi iṣẹ́ rà á. Bí o bá fẹ́, kí o fi sùn láti àárọ̀ di alẹ́. Ọ̀gá lè sọ pé ọjọ́ yẹn ò rọrùn fún òun, ó lè ní kí o sún un síwájú, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti ní kí o jíhìn ohun tí o fẹ́ fi ṣe.

Kí ló wá dé tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sáré lọ bá ibà? Mo ti rò ó fún ọdún púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ wa, líìfù ti di ohun tí ọ̀gá ń fojú àánú fúnni, bí ẹran tí ìyá ń bù fún ọmọ tó bá jẹ́jẹ́ẹ́. Ẹni tó bá béèrè á dà bí ẹni tó ń tọrọ. Ìyókù ọjọ́ tí kò bá rí gbà nínú ọdún á wọmi lọ ní Disẹ́ńbà. Àìsàn nìkan ló kù tí ọ̀gá kì í lè sọ pé rárá sí, àìsàn àti òkú. Ẹ̀yin náà mọ̀ bí òkú ṣe ń pọ̀ tó. Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì wa tó sin bàbá àgbà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún méjì. Nígbà ìkẹta, akọ̀wé mi ní ká kúkú dáwó fún un kó lọ bo ibojì náà dáadáa, kí baba yé jáde. A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n àwa HR la kọ́ ọ: ìgbà tó béèrè líìfù tààrà, a ò fún un.

Ó tún yẹ ká dá ọ̀gá rẹ láre níbì kan. Ẹ̀ka ìṣirò owó lo wà. Bí Ọjọ́rú yẹn bá bọ́ sí ìparí oṣù, nígbà tí ẹ ń pa ìwé owó dé, ẹni tó bá gbà kí o lọ kò mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá bọ́ sí àárín oṣù, tí o sì sọ fún un ní ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá tó ń ké “ṣé ilé ń jó ni”, òjijì ni wọ́n kórìíra, kì í ṣe líìfù gan-an.

Nǹkan mìíràn wà tí mi ò rí nínú lẹ́tà rẹ, mo sì fẹ́ kí o ṣírò rẹ̀, ìwọ tí ìṣirò jẹ́ iṣẹ́ rẹ. Ìntáfíù kan kì í sábà jẹ́ ìntáfíù kan. Wọ́n lè fún ọ ní ìdánwò kọ̀ǹpútà, HR lè rí ọ, ọ̀gá ẹ̀ka lè rí ọ, ọ̀gá àgbà náà lè ní òun fẹ́ fojú kàn ọ́. Bí o bá fi ibà lọ ti Ọjọ́rú, kí lo máa fi lọ ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e? Inú rírun? Ẹ̀ẹ̀kẹta ńkọ́? Àwọn iléeṣẹ́ mìíràn sì wà tí wọn kò ní gbà ọ́, tí o máa tún lọ bá òmíràn. Bí èèyàn ṣe ń di aláìsàn ọ́fíìsì nìyẹn láìṣàìsàn, tí ìwé rẹ̀ á sì máa kún. Nítorí náà, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó pè ọ́ pé ìpele mélòó ni ètò àwọn ní. Ìbéèrè dáadáa ni, kò sẹ́ni tó máa bínú sí i. Lẹ́yìn náà kí o ka ọjọ́ líìfù tó kù fún ọ, kí o pín in bí owó oúnjẹ.

Àwọn tó pè ọ́ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé aago mẹ́wàá Ọjọ́rú yẹn dà bí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, pé ẹni tó bá ní kí wọ́n yí i padà ti pàdánù. Mo ti ṣètò irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé àwọn tó máa bi yín ní ìbéèrè ní iṣẹ́ tiwọn. Ọjọ́ Ajé, ìpàdé ti gbà á. Ọjọ́ Ẹtì, gbogbo èèyàn ń ronú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. A ó wá kó ẹni mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá sí àárín ọ̀sẹ̀, a ó tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn. Kí a yí ẹni aago mẹ́wàá sí aago mẹ́jọ kì í gbà wá ju ìṣẹ́jú márùn-ún, bí ó bá tètè sọ. Nígbà mìíràn, pàápàá ìpele àkọ́kọ́, a lè fi Zoom ṣe é. Ibi tí kò ti ṣeé ṣe ni bí ọ̀gá kan bá ń fò wá láti Àbújá fún wákàtí méjì péré. Ṣùgbọ́n mi ò rántí ìgbà kankan tí a yọ ẹnì kan sọ nù nítorí pé ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè.

Nígbà tí mo bá wà ní òdìkejì tábìlì, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí mo máa ń fi ẹ̀rín bi wọ́n: “Báwo lo ṣe rí àyè kúrò níbi iṣẹ́ lónìí?” Ọmọbìnrin kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mo sọ fún wọn pé ara mi ò yá ni o.” Ó rò pé a jọ ń ṣeré. Àwa mẹ́ta tó jókòó wo ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, ìntáfíù ń bá a lọ, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Nígbà tó jáde, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹnì kejì mi sọ ni, “Tiwa náà la máa gbọ́ lọ́la.” Ọmọkùnrin tó tẹ̀ lé e ní òun gba ọjọ́ kan nínú líìfù òun. Ọmọkùnrin yẹn la gbà. Mi ò sọ pé nítorí ìdáhùn yẹn nìkan ni o, ṣùgbọ́n ó wà lórí òṣùwọ̀n.

Ẹnì kan lè ní kí o kúkú sọ òótọ́ fún ọ̀gá rẹ. Àwọn ọ̀gá kan wà tí wọ́n á tilẹ̀ bá ọ wo aṣọ tó yẹ kí o wọ̀. Mo ní irú rẹ̀ kan rí, Ọlọ́run bù kún un. Láti inú ohun tí o kọ, tìrẹ kò jọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá sọ fún un, tí iṣẹ́ ọ̀hún ò sì bọ́ sí i, o ti di ẹni tó ń lọ lójú rẹ̀, nígbà tí àyè bá sì yọ fún ìgbéga, ẹlòmíràn ni yóò fi sí i. Pípa ọ̀rọ̀ mọ́ kì í ṣe irọ́. “Ọ̀rọ̀ ara mi kan ni, sà” jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé. Gbígba àyè wákàtí méjì náà ò ní ṣiṣẹ́. Láti Ìkẹjà dé Victoria Island àti àbọ̀, lójú ọ̀nà Èkó tí gbogbo wa mọ̀, ọ̀sán ti pọ́n kí o tó padà, òógùn á sì ti mú ọ́ sọ ohun tí o kò fẹ́ sọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní London, bí o bá ní ọ̀kan, lè sọ fún ọ pé kí ló le níbẹ̀, pé lọ́dọ̀ àwọn, kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé dókítà fún ọjọ́ méje àkọ́kọ́, ẹ̀rí ẹnu ara ẹni ti tó. Òótọ́ ló sọ. Kò wá sọ ìyókù: ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ ibi tó ti fi ẹ̀rí èké gba ọjọ́ àìsàn níbẹ̀, ìwà àìtọ́ ni wọ́n máa kà á sí lọ́rùn rẹ̀, ẹni tó bá sì jẹ́ pé ìwé àṣẹ iṣẹ́ tí agbanisíṣẹ́ bá a gbà ló fi ń gbé ìlú, ó yẹ kó ṣọ́ra jù mí lọ.

Mi ò ní ṣe bí ẹni pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní ìwé líìfù tó lè kọ. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ bíi kásúà, òṣìṣẹ́ olówó ojúmọ́, ọjọ́ tí wọn ò bá wá, wọn ò ní jẹun, bí wọ́n bá sì béèrè àyè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kí wọ́n má padà wá. Àwọn olùkọ́ ilé ìwé aládàáni kan náà wà bẹ́ẹ̀. Bí irú ẹni yẹn bá pè láàárọ̀ pé ara òun ò yá, èmi tí mo ti lọ sí Marina rí kò ní sọ òkò lù ú. Ohun tí màá sọ fún un ni pé kó má ra ìwé, kó má dárúkọ àìsàn, kó má fi ti ọmọ tàbí òbí bojú, kó sì má lò ó lẹ́ẹ̀kejì. Ìwọ kò sí nínú ipò yẹn. Ọdún mẹ́ta, iléeṣẹ́ tó ní HR, owó oṣù tó ń wọ báńkì: o ní ọ̀nà mìíràn, o kàn ò tíì gbìyànjú rẹ̀ ni.

Nítorí náà, lálẹ́ òní, kọ ímeèlì sí àwọn tó pè ọ́. Kò gbọdọ̀ gùn. “Ẹ ṣeun fún ìpè yín. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́, àkókò tí ẹ mú sì bọ́ sí àárín wákàtí iṣẹ́ mi. Ṣé àyè lè wà ní aago mẹ́jọ àárọ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin ọ̀sán? Bí kò bá rọrùn fún yín, màá wà níbẹ̀ láago mẹ́wàá bí ẹ ṣe wí.” Má yọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, òun ni kò ní jẹ́ kí wọ́n rò pé o ń ṣe fáàrí. Bí o bá dé ibi iṣẹ́ lọ́la, béèrè ìwé líìfù, kọ ọjọ́ kan péré sí i, kọ “ọ̀rọ̀ ti ara ẹni” síbi tí wọ́n bá ti béèrè ìdí, kí o sì kọ orúkọ ẹni tó máa dúró fún ọ sísàlẹ̀. Kí o ti bá ẹni náà sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ bá ọ̀gá rẹ lẹ́yìn tó bá ti jẹun ọ̀sán. Bí ó bá bi ọ́ ṣé ilé ń jó, kúnlẹ̀ bí o ṣe máa ń ṣe, rẹ́rìn-ín, sọ pé rárá, sà, pé o ti parí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀.

Bí ó bá sì kọ̀ pátápátá ńkọ́? Ó lè kọ̀. Kọ̀wé sí HR, béèrè ọjọ́ tí wọ́n lè fún ọ, kí o gbé ọjọ́ yẹn padà lọ bá àwọn ti Victoria Island. Bí gbogbo rẹ̀ bá dí, ìpinnu tó kù jẹ́ tìrẹ nìkan: kí o lọ láìgba àṣẹ, kí o padà wá gba kúẹ́rì, kí o sì fi òótọ́ dáhùn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ara rẹ tí kò ṣeé sún ni, tàbí kí o jẹ́ kí ti ọ̀tẹ̀ yìí kọjá. Ní iléeṣẹ́ tí fáìlì èèyàn bá mọ́, kúẹ́rì kan kì í sábà mú kí wọ́n lé e. Ṣùgbọ́n mi ò mọ fáìlì tìrẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ní méjì nínú tẹ́lẹ̀, fara balẹ̀ rò ó.

Bí wọ́n bá fún ọ láyè, tí o sì ń ti Àgége lọ, má gbẹ́kẹ̀ lé dánfó lọ́jọ́ náà. Wọ reluwé pupa (Red Line), ó ń dúró ní Àgége, Oyingbo ló sì ń parí sí. Ibẹ̀ ni kí o ti wá ọkọ̀ tó máa sọdá sí Erékùṣù. Ti fi owó sórí káàdì Cowry rẹ, èyí tí wọ́n fi ń sanwó reluwé náà, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bàtà pẹlẹbẹ ni kí o wọ̀ jáde nílé, kí ti gíga wà nínú báàgì, kí o sì jẹ́ kí ìyá rẹ mọ ibi tí o ń lọ, kó lè mọ èsì tó máa fún ẹni tó bá pè.